Àrùn Kan Náà, Ilẹ̀ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ojú sí ìparí rẹ̀: tí ó bá gbọ́n. Nítorí a ti rí i pé ogun lè máa bọ̀, kí a gbọ́ ìró rẹ̀ láti òkèèrè, kí ó sì tún pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ kan, nígbà tí ilẹ̀ kejì tí ó gbọ́ ìró kan náà kò sin òkú kan ṣoṣo. Irú ogun tí a ń sọ níhìn-ín ni àjàkálẹ̀ àrùn.

Kí ni ó ń fa ìyàtọ̀ yìí? Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá ní ọjà, mẹ́sàn-án nínú wọn yóò dáhùn pé: owó ni, ilẹ̀ olówó a yè, ilẹ̀ tálákà a kú. Àwa kò sẹ́ pé owó wúlò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi sùúrù yẹ àjàkálẹ̀ mẹ́ta tí ó ti kan ilẹ̀ wa wò, èyíinì ni ti ọdún 1918, ti ọdún 2014 àti ti ọdún 2020, yóò rí i pé ohun mẹ́ta mìíràn wà tí ó ń ya ilẹ̀ sí ilẹ̀: títètè mọ̀; sísọ òtítọ́ kí àwọn ará ìlú lè gbẹ́kẹ̀ lé e; àti fífi oúnjẹ sí ọwọ́ ẹni tí a bá ní kí ó jókòó sí ilé. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

LÚKÚLÚKÚ TI ỌDÚN 1918

Àwọn òbí wa àgbà a máa fi ọdún lúkúlúkú ka ọjọ́ orí ọmọ. Àrùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní influenza ni. Bí ọ̀fìnkìn ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀: orí fífọ́, ara ríro, ibà, àti ikọ́, lẹ́yìn èyí a wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, èémí a sì dí. Ohun tí ó ba àwọn ènìyàn lẹ́rù jù lọ ni pé àwọn géńdé tí ó lè ro oko ni ó ń pa jù. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé ọmọ ogun káàkiri ayé, wọ́n sì ń gbé àrùn pẹ̀lú wọn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1918 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Mantua, gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró pẹ̀lú àwọn aláìsàn nínú rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, àrùn ti dé Cape Coast ní Gold Coast, èyí tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ní àárín oṣù kẹsàn-án ni ọkọ̀ Bida tí ó ti Accra bọ̀ gbé e wọ èbúté Èkó. Oṣù kan gbáko, ẹ̀yin ará, ni ó wà láàrin Sàró àti Èkó. Wáyà tí a fi ń ránṣẹ́ sì ti wà ní etíkun nígbà náà. Síbẹ̀ ìṣọ́ èbúté kò le tó, àrùn náà sì wọlé.

Nígbà tí ó wọlé tán, ìjọba amúnisìn ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa, wọ́n sì rán àwọn wolé-wolé láti ilé dé ilé kí wọ́n wá àwọn aláìsàn jáde. Èrò náà kì í ṣe búburú. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò mọ ibi tí a ń kó aláìsàn lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gba ẹni tí ń kó wọn lọ gbọ́. Nítorí náà wọ́n fi aláìsàn pamọ́ sí yàrá, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gbé wọn sì sá kúrò ní Èkó. Ẹni tí ó bá sá kò sá pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Ó gbé àrùn dání. Ọkọ̀ reluwé gbé e lọ sí Abẹ́òkúta, sí Ìbàdàn, títí dé òkè Ọya. Ní ti wa, ẹni tí ó bá mọ ọ̀sà mọ̀ pé láti Èkó dé Ìkòròdú, Ìjẹ̀dé, Èjìrìn àti Ẹ̀pẹ́, ojú omi kan náà ni: ọ̀nà tí gaàrí àti ẹja ń gbà lọ ni ènìyàn ń gbà bọ̀.

Àwọn onítàn fojú bù ú pé láàrin oṣù mẹ́fà, ènìyàn bí 500,000 ni ó kú ní Nàìjíríà nínú bí mílíọ̀nù 18 tí ń gbé ibẹ̀ nígbà náà. Kò sí oògùn fún un. Ọdún 1933 ni àwọn amòye tó rí kòkòrò tí ń fa àrùn náà nínú ara ènìyàn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ kan kó ara wọn jọ fún àdúrà ní àkókò náà, láti inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjọ Aládùúrà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà níhìn-ín tí ó kan àgbẹ̀ gan-an. Onítàn Don Ohadike kọ ọ́ pé ní agbègbè ìsàlẹ̀ odò Ọya, nígbà tí lúkúlúkú pa àwọn tí ń kọ ebè tí wọ́n sì ń ro iṣu, iṣu wọ́n, ebi sì dé. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn tí wọn kò ka ẹ̀gẹ́ sí tẹ́lẹ̀ yí ojú sí i, nítorí kò bèèrè iṣẹ́ púpọ̀, ó sì lè dúró nínú ilẹ̀ títí a ó fi fẹ́ ẹ. Nípa bẹ́ẹ̀, àrùn tí ó pa àwọn ènìyàn yí oúnjẹ tí àwọn tí ó kù ń jẹ padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń dín gaàrí, ẹ rántí èyí: àjàkálẹ̀ kì í dúró ní ilé ìwòsàn, a máa rìn dé inú oko.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa wí pé kò sí ilẹ̀ tí ó lè dá irú àrùn bẹ́ẹ̀ dúró, ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Áfíríkà fún ìgbà díẹ̀, kí a wo àwọn erékùṣù Samoa ní òkun Pàsífíìkì. Ènìyàn kan náà ni wọ́n, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ìjọba méjì ni ó pín wọn. New Zealand ń ṣe àkóso apá ìwọ̀-oòrùn, Amẹ́ríkà sì ń ṣe àkóso apá ìlà-oòrùn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1918, ọkọ̀ Talune tí ó ti Auckland bọ̀ gúnlẹ̀ sí Apia ní ìwọ̀-oòrùn. Àwọn aláìsàn wà nínú rẹ̀. A sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Láàrin oṣù díẹ̀, nínú ènìyàn márùn-ún, ọ̀kan ti kú. Ní ìlà-oòrùn, gómìnà John Poyer gbọ́ ìròyìn, ó sì ti èbúté pa. Àwọn ará abúlé náà fúnra wọn dúró ti etíkun láti ṣọ́ ọ. Ẹnì kan kò kú níbẹ̀. Ní ọdún 2002, olórí ìjọba New Zealand, Helen Clark, tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn ará Samoa fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ wò ó: kì í ṣe oògùn ni ó gba apá kan là, nítorí kò sí oògùn ní apá méjèèjì. Ìròyìn tí a gbọ́, tí a sì gbà gbọ́, àti àwọn ará ìlú tí ó fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú olórí wọn, ni ó gbà wọ́n là.

EBOLA TI ỌDÚN 2014

Ebola kò la gbogbo ayé já bí lúkúlúkú. Ṣùgbọ́n ó fi ìyàtọ̀ ilẹ̀ sí ilẹ̀ hàn gbangba ju èyíkéyìí lọ. Àrùn burúkú ni. Ẹ̀jẹ̀, èébì, òógùn àti omi ara aláìsàn ni ó ń gbà ran ẹlòmíràn, a sì máa ran ẹni tí ó bá wẹ òkú pẹ̀lú.

Ní ilẹ̀ Gínì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ìparí ọdún 2013, ní abúlé kan nínú igbó. Oṣù kẹta ọdún 2014 ni a tó mọ orúkọ rẹ̀. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyí, a ń sin òkú, a ń bẹ aláìsàn wò, a sì ń ré kọjá ibodè lọ sí Làìbéríà àti ilẹ̀ Sàró, láìmọ ohun tí a ń gbé kiri. Ogun abẹ́lé ti ba ilé ìwòsàn ilẹ̀ méjì tí a dárúkọ gbẹ̀yìn yìí jẹ́, dókítà wọn kò sì tó nǹkan. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera dé pẹ̀lú aṣọ tí ó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ̀rù ba àwọn ará abúlé. Ọ̀pọ̀ fi aláìsàn pamọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Èkó ní ọdún 1918. Kí ó tó dáwọ́ dúró, ó ju 28,000 ènìyàn lọ tí ó mú ní ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ju 11,000 lọ tí ó pa.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin ará Làìbéríà kan, Patrick Sawyer, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó, ó sì ṣubú lulẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọbáléndé. Ibà ni a kọ́kọ́ pè é. Ṣùgbọ́n Dókítà Ameyo Stella Adadevoh wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀, ó sì fura. Àwọn kan ń fi agbára bèèrè pé kí a dá ọkùnrin náà sílẹ̀ kí ó máa lọ. Obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará, bí ó bá ti jẹ́ kí ó jáde sí àárín ìlú Èkó, sí ibùdókọ̀ àti ọjà, níbi tí ènìyàn ti ń fara kan ara bí ẹja nínú apẹ̀rẹ̀! Ìfura obìnrin kan ni ó ti ilẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún kan náà.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà ti ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí wọ́n mọ bí a ti ń lọ láti ilé dé ilé. Ètò wọn ni a yí padà sí ti Ebola láìpẹ́ ọjọ́. A wá gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn ní Èkó àti ní Port Harcourt, níbi tí ẹnì kan ti sá lọ. Ènìyàn 894 ni a kọ orúkọ wọn sílẹ̀, a sì bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú ní ìgbà bí 18,500. Ọjọ́ 21 ni a fi ṣọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 20 péré ni àrùn náà mú, 8 nínú wọn ni ó sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Nàìjíríà kì í ṣe ilẹ̀ olówó ní ọdún náà ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n a tètè mọ̀. A sọ òtítọ́. A sì tọ ipasẹ̀ àrùn gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran, a kò sì padà ní àárín ọ̀nà.

KÒRÓNÀ TI ỌDÚN 2020

Ìparí ọdún 2019 ni a gbúròó àrùn titun kan ní ìlú Wuhan ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé fun fèrè ìkìlọ̀ fún gbogbo ayé. Àrùn yìí yàtọ̀ sí Ebola ní ohun kan tí ó mú un nira: inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà, ẹni tí kò sì tí ì ṣàìsàn rárá lè ti máa ran ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, kí àrùn náà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn amòye kan tẹ ìwé kan jáde tí ó to àwọn ilẹ̀ ayé ní ẹsẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti múra sílẹ̀ de àjàkálẹ̀. Amẹ́ríkà ni ó ṣe ìkíní, Ìlú Ọba sì ṣe ìkejì. Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọdún 2020 parí, ó ju 300,000 ènìyàn lọ tí àrùn náà ti pa ní Amẹ́ríkà, ó sì ju 70,000 lọ ní Ìlú Ọba. Ní New Zealand, ènìyàn 25 ni. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ kékeré ni New Zealand, tí kò ní ju bí mílíọ̀nù 5 ènìyàn lọ, erékùṣù sì ni. Ṣùgbọ́n ṣé erékùṣù kọ́ ni Ìlú Ọba náà?

Ìyàtọ̀ wọn nìyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta, Ìlú Ọba dáwọ́ títọ ipasẹ̀ àwọn tí ó fara kan aláìsàn dúró láàrin ìlú, nítorí àyẹ̀wò kò tó wọn. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n tó ní kí onílé gbélé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olórí ń tako ara wọn lẹ́nu, ìpínlẹ̀ kan ń sọ èyí, èkejì ń sọ tọ̀hún, títí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi mọ ẹni tí wọn yóò gbà gbọ́. New Zealand ti ibodè pa ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, nígbà tí kò tí ì sí ẹnì kan tí ó kú níbẹ̀. Olórí ìjọba wọn, Jacinda Ardern, ń jáde bá wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà dé ìgbà ní èdè tí ó yé gbogbo ènìyàn. Ìjọba sì fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n lè jókòó. Nígbà tí New Zealand wá ṣe ohun tí ó bá àṣìṣe tí ó ṣe sí Samoa mu ní ìdàkejì, ó dàbí ẹni pé ẹ̀kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kò ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí ó dára fún New Zealand dára fún wa? Ẹ jẹ́ kí a wo ilé wa àti ti aládùúgbò.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà ti dé Nàìjíríà. Ará Ítálì kan ni, tí ó gba Èkó kọjá lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àrùn tí ń ràn ní Yábà, ó sì yè. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn amòye wa ní yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ti ka ẹ̀dá kòkòrò àrùn náà tán. Ní gbogbo Áfíríkà, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ̀kọ́ Ebola kò tí ì kúrò lọ́wọ́ wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé ní Èkó, ní Ògùn àti ní Àbújá. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà nínú rẹ̀, nítorí ara ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n. A yọ àwọn tí ń ṣe oúnjẹ àti àwọn tí ń tà á sílẹ̀ nínú òfin náà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìyá kan tí ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Òfin ní kí ó máa tajà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń wá láti Èkó rà á kò lè wá. Ẹja kì í dúró de òpin òfin. Ohun tí ó bá tà lónìí ni yóò fi ra gaàrí lónìí. Àgbẹ̀ tí ń gbé ẹ̀fọ́ àti ata bọ̀ ní Ìkòròdú wà nínú ọ̀ràn kan náà. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò kọ òfin nítorí oríkunkun. Ebi ni ó ń lé e jáde. Ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kó oúnjẹ ìrànwọ́ jọ, àwọn kan sì rí gbà. Ọ̀pọ̀ kò rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ènìyàn já àwọn ilé ìkẹ́rù tí oúnjẹ náà wà nínú rẹ̀ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn ìjọba ní àlàyé tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ti pa kò gbọ́ àlàyé.

Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, tí ó múlé tì wá, gba ọ̀nà mìíràn. Ààrẹ wọn, Patrice Talon, sọ fún wọn gbangba pé púpọ̀ nínú wọn kì í gba owó oṣù, pé ohun tí wọ́n bá rí lónìí ni wọ́n ń jẹ, nítorí náà ìjọba kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ènìyàn bí ilẹ̀ olówó ti ṣe. Dípò èyí, láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta, wọ́n na okùn ìṣọ́ yí àwọn ìlú tí ó léwu jù ká, bíi Kútọnu àti Àjàṣẹ́: ẹni tí ó wà nínú lè ṣiṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní agbègbè náà bí kò ṣe pẹ̀lú ìdí pàtàkì. Gánà ti àwọn ìlú Accra àti Kumasi pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, wọ́n sì lo ọgbọ́n kan nínú àyẹ̀wò: wọ́n a po ohun tí wọ́n gbà lára ènìyàn bí mẹ́wàá pọ̀, wọ́n a sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kò bá sí àrùn nínú rẹ̀, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bọ́. Bí ó bá wà, nígbà náà ni wọ́n a yẹ ẹnìkọ̀ọ̀kan wò. Ọgbọ́n aláìní ni; ó sì jẹ́ kí ohun èlò díẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀.

A gbọ́dọ̀ sọ ohun kan níhìn-ín kí a má bàa tan ara wa jẹ. Iye òkú tí Nàìjíríà kéde ní ìparí ọdún 2020 kò tó 1,400. Èyí kò fi hàn pé àwa gbọ́n ju Ìlú Ọba lọ. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò tí ì pé 20 ọdún, àrùn náà sì ń pa àwọn àgbà jù. Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò tí a ṣe kò pọ̀; ẹni tí ó kú ní abúlé tí a sì sin ní ọjọ́ kejì kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìṣirò pé láàrin ọdún 2020 àti 2021, bí mílíọ̀nù 15 ènìyàn ni àjàkálẹ̀ náà fa ikú wọn ní gbogbo ayé, nígbà tí iye tí a kọ sílẹ̀ kò ju bí mílíọ̀nù 5 ààbọ̀ lọ. Ẹni tí kò ka igi iṣu rẹ̀ kò lè mọ iye tí olè jí.

Ibi tí owó ti fi agbára rẹ̀ hàn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2020, Ìlú Ọba ti bẹ̀rẹ̀ sí gún àwọn àgbà wọn. Ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2021 ni ti wa tó dé Àbújá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4, fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn rẹ̀ ju mílíọ̀nù 200 lọ. Ní ọdún 2001, ní Àbújá wa níhìn-ín kan náà, àwọn olórí Áfíríkà ti ṣe ìlérí pé nínú gbogbo 100 náírà tí ìjọba bá ń ná, 15 yóò jẹ́ ti ìlera. Títí di ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kò tí ì dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dúró de ilé aládùúgbò kí ó tó jẹun, ìgbà tí aládùúgbò bá yó ni òun tó jẹ.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Nígbà náà, kí ni a rí? Samoa méjèèjì kò ní oògùn. Èyí tí ó tètè ti èbúté yè. Làìbéríà àti Nàìjíríà gba àrùn kan náà lọ́wọ́ ara wọn; èyí tí ó tètè mọ̀ ọ́n yè. Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba ní owó, wọ́n ní amòye, wọ́n sì ní ipò iwájú nínú ìwé. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dìde, wọ́n sì sin òkú púpọ̀. Àwa tí a gbọ́n ní ọdún 2014 kò rí oúnjẹ pín dé ibi tí ó yẹ ní ọdún 2020. Nítorí náà kò sí ilẹ̀ kan tí ó gbọ́n tán, kò sì sí èyí tí a kò lè kọ́ nǹkan lára rẹ̀. Owó ń ra abẹ́rẹ́ àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n owó kì í ra ìgbẹ́kẹ̀lé. Òtítọ́ tí a ń sọ ní ọjọ́ àlàáfíà ni a fi ń kó o jọ.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ILÉ ÀTI OKO

Àjàkálẹ̀ mìíràn yóò dé. A kò mọ ọdún rẹ̀. Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀, àwa náà sì ní tiwa.

1. Bí ẹni mélòó kan bá ń ṣàìsàn irú kan náà ní abúlé kan láàrin ọjọ́ díẹ̀, tàbí bí ikú bá tẹ̀ lé ikú, ẹ má ṣe dúró wò. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín ní ọjọ́ náà gan-an. Oṣù mẹ́ta tí Gínì fi sílẹ̀ ni ó pa ilẹ̀ mẹ́ta.

2. Ẹni tí ibà àti ikọ́ bá mú ní àkókò àjàkálẹ̀, kí ó ní yàrá tirẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí a ṣí fèrèsé rẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa tọ́jú rẹ̀. Kí olùtọ́jú bo imú àti ẹnu, kí ó sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ ní gbogbo ìgbà.

3. Bí èémí bá ń dí i, bí ètè rẹ̀ bá ṣú, tàbí bí ó bá ń ṣe ìrànrán, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara. Àdúrà ilé kò ní kí a má lọ. Kí àwọn méjèèjì máa lọ pọ̀.

4. Ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà nípa ibi tí aláìsàn ti ń bọ̀ àti àwọn tí ó fara kàn. Ẹni tí ó purọ́ fún dókítà kò purọ́ fún dókítà nìkan.

5. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá ní kí a má fọwọ́ kan òkú, ẹ jẹ́ kí a gbà. A lè bu ọlá fún òkú láìwẹ̀ ẹ́.

6. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ìpamọ́: gaàrí gbígbẹ dáadáa, èlùbọ́, ẹ̀wà, ẹja yíyan, iyọ̀ àti ọṣẹ. Ẹ fi ọ̀wọ́ ẹ̀gẹ́ kan sílẹ̀ ní oko tí a kò ní tètè wú. Kí ẹ̀yin ẹlẹ́ja kọ́ bí a ti ń yan èyí tí kò tà kí ó má bàa bàjẹ́.

7. Kí ẹgbẹ́ àti ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn opó, àwọn arúgbó àti àwọn tí ń jẹ ohun tí wọ́n bá rí lóòjọ́ sílẹ̀ nísinsin yìí, kí ọjọ́ ibi tó dé. Bí a bá ní kí onílé gbélé, kí a mọ ẹnu ọ̀nà tí a ó kọ́kọ́ gbé oúnjẹ lọ. Bí ilé kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn ní ìgbà iṣẹ́ oko, kí àwọn aládùúgbò bá wọn ro ó.

8. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ pàdánù abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn nítorí àjàkálẹ̀. Àrùn kan kì í fún èkejì ní ìsinmi.

Ọ̀sà wa kò ní ilẹ̀kùn. Ohun tí ó bá dé Èkó ní òwúrọ̀ lè dé Ìkòròdú ní ọ̀sán, kí ó sì sùn ní Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn òtítọ́ bá yára ju àrùn lọ, tí aládùúgbò sì gbẹ́kẹ̀ lé aládùúgbò, àwa náà yóò ti èbúté wa kí ó tó gúnlẹ̀. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a tún rí irú ọdún lúkúlúkú. Bí ọjọ́ ìdánwò bá sì dé, kí ó bá wa ní ìmúra.